Yìgì Orí Fóònù

Ilé tí Falilat ń gbé ní Thamesmead, ní apá ibi tó kọjú sí adágún omi Southmere, ògiri rẹ̀ kò nípọn. Bí aládùúgbò bá wúkọ́, àfi bí ẹni pé inú yàrá ẹni ló ti wú u. Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀ ni Falilat ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ lórí fóònù, ó ń kírun kẹ́lẹ́, bó bá sì bínú, kẹ́lẹ́ náà ló ń bínú. Àwọn obìnrin asaláátù máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí iná bá ń jó Ìyá Amirah, á kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì kó tó ké gbàmí.

Wọn ò parọ́ mọ́ ọn. Obìnrin náà bẹ̀rù ènìyàn. Ó bẹ̀rù àáfà, ó bẹ̀rù ìjọba, ó bẹ̀rù ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ìwé mẹ́fà ló kà ní Ìjẹ̀bú-Òde kí wọ́n tó mú un lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ẹni tí ò kàwé tó, tó wá bá ara rẹ̀ nílùú tó jẹ́ pé ìwé ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan, ṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n ní kó máa rìn nínú òkùnkùn ní pálọ̀ olówó. Gbogbo ìgbà lẹ̀rù ń bà á kí ọwọ́ rẹ̀ má lọ kọlu ohun tó lè fọ́.

Ohun tó wá fọ́ gan-an, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ tì í.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Amirah. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Amirah nígbà tí wọ́n dé London. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni Bashiru, bàbá rẹ̀, kú. Falilat wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń wẹ àwọn òyìnbó arúgbó, ó ń fún wọn lóúnjẹ, títí Amirah fi di nọ́ọ̀sì. Nígbà tó fi máa di ọdún 2012, Amirah ti lé ní ọmọ ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n, kò sì mú ọkùnrin kankan wálé. Ìpè ń wọlé láti Ìjẹ̀bú. Muaz, ẹ̀gbọ́n Falilat tó jẹ́ olórí ẹbí, ní òun ti rí ọkọ, ọmọ ọ̀rẹ́ òun kan tó ń jẹ́ Irfan, ọmọ tó níwà, tó ń kírun. Kí Falilat bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ́. Falilat gbìyànjú, ó sọ̀rọ̀ òtútù títí ọmọ fi lọ síbi iṣẹ́. Ó tún gbìyànjú, ó di pé ó ń béèrè lọ́wọ́ Amirah bóyá ó ti jẹun. Nígbà tí Muaz tún pè, ó ní ọmọ ti gbọ́, ọmọ ò kọ̀.

Ni wọ́n bá mú ọjọ́. Àáfà, àwọn ẹlẹ́rìí àti ẹbí ọkọ jókòó sí pálọ̀ Muaz ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n gbé fóònù sí àárín, wọ́n ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Falilat wà ní kíṣìnì rẹ̀ ní Thamesmead, ó ti ilẹ̀kùn. Amirah wà lẹ́nu iṣẹ́, kò mọ nǹkan kan. Àáfà náà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó ní ẹ̀sìn ò fẹ́ ìfipáṣe, òun ò ní so yìgì lórí ọmọbìnrin tí òun ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Muaz ní ó wà níbẹ̀, ojú ló ń tì í. Ó wá gbẹ́nu sún mọ́ fóònù, ó ní, "Amirah, àáfà ń bi ọ́. Ṣé o gbà?"

Falilat wo ilẹ̀kùn kíṣìnì. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó mú ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ọmọge, ó ní, "Mo gbà."

Wọ́n tún béèrè. Ó tún dáhùn. Wọ́n so yìgì, wọ́n ṣàdúà, ayọ̀ gba ilé kan ní Ìjẹ̀bú. Falilat dúró sídìí ẹ̀rọ ìdáná.

Nígbà tí Amirah gbọ́ pé òun ti di ìyàwó, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó béèrè bó ṣe lè ṣeé ṣe láìsí òun níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ẹbí ló ṣe é, pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé nìyẹn. Kò sọ ti ohùn. Amirah ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Irfan, òun ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ gba yàrá sí Plumstead. Irfan ní tirẹ̀ dúró de físà títí ó fi sú u, ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní Èkó. Ọ̀rọ̀ náà sùn. Inú Falilat dùn pé ó sùn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn nítòsí rẹ̀.

Nígbà tó yá, Amirah bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí ìyá rẹ̀ padà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Natasha, máa ń bá a wá. Tíṣà ọmọ kéékèèké ni Natasha, wọ́n bí i sí Woolwich, ọmọ Jàmáíkà ni àwọn òbí rẹ̀. Gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo ló mọ̀, "Ẹ káàárọ̀, Auntie," ìyẹn ló sì fi ń kí Falilat ì báà jẹ́ ìrọ̀lẹ́, á tún fi orúnkún kanlẹ̀ díẹ̀. Falilat fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń di mọ́ínmọ́ín fún un lọ sílé. Kò béèrè ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn kì í béèrè.

Ìgbà tí òtútù ọdún 2015 ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni Amirah wá sọ fún un pé òun àti Natasha fẹ́ ṣègbéyàwó, ní Town Hall Woolwich, nínú oṣù keje. Òfin ti gbà á láti ọdún tó kọjá. Ó ní òun ò wá gba àdúrà, òun kàn ò fẹ́ kí Mummy gbọ́ ọ níta ni. Ó sọ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ìyá àgbà Natasha ń bọ̀ láti Jàmáíkà, pé ìyá náà ì bá fẹ́ kó jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún Natasha, àmọ́ àlùfáà ibẹ̀ ní kò ṣeé ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì náà wà lábẹ́ ìjọ tó jẹ́ ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, òfin kan náà tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ni ìjọba fi de ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni Town Hall, wọn ò gbọdọ̀ ka Bíbélì tàbí Àlùkùránì níbẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ kọ orin tó ní orúkọ Ọlọ́run nínú.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ò lè so wá pọ̀," Amirah sọ, "ìjọba tó máa so wá pọ̀ ò lè dárúkọ Ọlọ́run. Mummy, àárín ògiri méjì la há sí."

Falilat dìde, ó lọ ń fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, Town Hall nìkan ló dúró sí i létí. Nítorí pé kò sí ọmọ asaláátù kan tó ń ṣègbéyàwó tí kì í dé Town Hall. Àáfà wọn fúnra rẹ̀ ló máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ìjọba ibí ò mọ yìgì, pé bí wọ́n bá ti so yìgì tán, kí wọ́n lọ ṣe ti ìjọba ní Woolwich kí ẹ̀tọ́ obìnrin má bàa ṣòfò. Bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó, ìta gbangba ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí gbogbo ayé lè kà á. Waheedah, ọmọ Alhájà Nusirat tó jẹ́ olórí asaláátù, ń múra ìgbéyàwó tirẹ̀ lọ́wọ́. Á débẹ̀. Á kà á.

Kò sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn ọmọ náà ti lọ forúkọ sílẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich. Òótọ́ ni. Inú gíláàsì kan lára ògiri, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni, orúkọ Bashiru náà wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọnrangandan, orúkọ Natasha sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dúró síwájú gíláàsì náà, ó fi ara bò ó, bí ẹni pé ó lè dúró síbẹ̀ títí oṣù keje.

Ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó dirun ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ wá béèrè bóyá òun lè ràn án lọ́wọ́. Keziah lorúkọ tó lẹ̀ máyà. Falilat fi gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń tàsé bẹ̀ ẹ́ pé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lè yọ orúkọ kan kúrò. Keziah ní rárá, òfin ló ní kó wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá mọ ìdí tí ìgbéyàwó kan ò fi gbọdọ̀ wáyé lè wá sọ. Falilat ní òun ni ìyá, òun ò sì fọwọ́ sí i. Keziah fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá ti dàgbà, ìyá ò lè dí i lọ́wọ́. Àfi bí ẹni náà bá jẹ́ ìbátan ẹni tó fẹ́ fẹ́, tàbí tó bá ti ṣègbéyàwó tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu Falilat kó tó mọ̀ pé òun ti la ẹnu. "Ó ti lọ́kọ."

Keziah gbé kálàmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí Mà jókòó.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn Falilat, kì í ṣe láti gbè é, ká kàn lè mọ̀ ọ́n. Nílé ọ̀dọ̀ tiwa, bí àgbà kan bá sọ lójú agbo pé nǹkan kan ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á sún ọjọ́ síwájú. Wọ́n á pe tọ̀tún tòsì, wọ́n á jókòó, àwọn kan á bínú, àwọn kan á bẹ̀bẹ̀, ọjọ́ á tún yẹ̀, ìgbéyàwó náà á sì rọra kú síbẹ̀ láìsí ẹni tó pa á. Bó ṣe rò pé ìjọba máa ṣe nìyẹn. Ó rò pé àgbà ni ìjọba. Nítorí náà, gbogbo ìbéèrè Keziah ló ń dáhùn. Ta lọkọ? Irfan. Níbo? Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé ọmọ náà gbà? Falilat ní ó gbà. Ó fẹnu ara rẹ̀ dáhùn, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ó sùn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí asaláátù ṣe tú, Alhájà Nusirat fà á sẹ́yìn níbi tí wọ́n ń wọ bàtà.

"Ìyá Amirah, Waheedah lọ sí Woolwich."

Falilat ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Gbogbo ara ló fi sọ̀rọ̀, ó ní, "Mo ti dá a dúró, Alhájà. Mo ti lọ sọ fún wọn pé ó lọ́kọ nílé. Yìgì wà lọ́rùn rẹ̀."

Alhájà wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tí o máa ń bẹ awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí o sọ̀kalẹ̀?" Ó gbá a mọ́ra. Ó ní irú ìyá báyìí ni Ọlọ́run ń fẹ́, ẹni tó lè fi yìgì dí òfin lọ́nà.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àáfà ti gbọ́. Ó gbé e sínú wàásì, kò dárúkọ. Ó ní wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ìjọba ibí ò ka yìgì sí, ẹ wò ó, ìyá kan láàárín wa ti fi yìgì kan náà mú ìjọba dúró lójú kan. Àwọn obìnrin yíjú. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Falilat fi ìgúnpá gún un, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Falilat tẹ orí ba. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń yin olè nítorí pé ó fo ògiri láì farapa.

Ìjọba, ní tirẹ̀, kò pe àgbà kankan. Amirah nìkan ni wọ́n pè.

Ó wá bá ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Kò jókòó. Ó ní wọ́n mú òun wọ yàrá kan, òun nìkan, wọ́n gbé Natasha sí yàrá mìíràn. Wọ́n rán òun létí pé òun ti fọwọ́ sí i pé òun ò ṣègbéyàwó rí, àti pé ẹni tó bá parọ́ sírú ìwé yẹn lè dé ẹ̀wọ̀n. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ òun lọ nìyẹn. Wọ́n ti dá gbogbo rẹ̀ dúró, oṣù keje ò ṣeé ṣe mọ́. Ìyá àgbà Natasha ti dé, yóò sì padà sí Jàmáíkà kí wọ́n tó lè mú ọjọ́ mìíràn, nítorí àìsàn rẹ̀ ò jẹ́ kó lè pẹ́ ní ìdálẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló béèrè. "Ìwọ lo lọ sọ fún wọn?"

Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nínú gbogbo gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ ní ìlú yìí, Amirah ò pe ìyá rẹ̀ ní ìwọ rí.

Falilat ní, "Mo rò pé wọ́n á pè wá jókòó ni. Kí àwọn àgbà dá sí i."

"Àgbà wo? Ọlọ́pàá?"

Aládùúgbò ń se oúnjẹ, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń gbé ìkòkò. Amirah náà gbọ́ ọ, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn gan-an ló wá dun Falilat jù.

"Wọ́n ní ẹni tó wá sọ ọ́ ní mo gbà. Pé mo fẹnu ara mi dáhùn, gbogbo ilé gbọ́ ohùn mi." Ó wo ojú ìyá rẹ̀. "Mummy, ohùn ta ni wọ́n gbọ́?"

Falilat wo ilẹ̀. Ó ń wá irọ́ kékeré kan tó lè fi dáhùn, kò rí. Bó ṣe ń wá a lọ́wọ́ ni Amirah ti rí ìdáhùn lójú rẹ̀. Ọmọ náà kò pariwo. Ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ó rọra ti ilẹ̀kùn, bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn.

Kò pẹ́ sí i ni Muaz pè láti Ìjẹ̀bú. Inú rẹ̀ ń dùn. Àáfà Thamesmead ti bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ti fẹnu kò. Àáfà tó so yìgì ṣì wà láyé, àwọn ẹlẹ́rìí náà ṣì wà, gbogbo wọn ló ṣe tán láti lọ búra níwájú lọ́yà pé àwọn fetí ara àwọn gbọ́ ọmọ náà tó ní òun gbà. Wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí Woolwich. Muaz ní kí ìjọba wọn ọ̀hún kúkú mọ̀ pé ẹ̀sìn àwọn náà ní òfin.

Falilat di fóònù mú létí. Òtítọ́ ni gbogbo wọn fẹ́ sọ. Kò sí òpùrọ́ kan láàárín wọn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n fẹ́ búra lé lórí, ìbúra olóòótọ́ yẹn ló sì máa ti ọmọ rẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n. Ní gbogbo ayé, láti Ìjẹ̀bú dé Thamesmead, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ìdáná lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ sọ fún Muaz. Ó la ẹnu. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

Ọjọ́ mélòó kan ló fi ń wọ bọ́ọ̀sì Woolwich tó ń sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ní Plumstead, tó ń padà sílé. Nígbà tó wá dé Town Hall, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ bó ṣe débẹ̀. Keziah dá a mọ̀. Ó rí i pé gẹ̀ẹ́sì Falilat ti dàrú pátápátá lọ́jọ́ náà, ó bi í bóyá kí àwọn pe ògbufọ̀. Falilat kọ̀. Yorùbá tó wà ní agbègbè yìí, ta ló mọ ọmọ ẹni tó máa jẹ́? Ó gbìyànjú gẹ̀ẹ́sì náà, kò yé Keziah. Nígbà tó yá, ó mi orí pé kí wọ́n pè é.

Orí fóònù ni ògbufọ̀ náà wà. Keziah gbé e sáàárín tábìlì, ó ṣí ohùn rẹ̀ sókè. Ohùn obìnrin kan kí i, ó ní, "Ẹ káàsán mà. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni màá sọ. Mi ò ní fi kún un, mi ò sì ní yọ níbẹ̀."

Falilat wo fóònù náà. Ohùn náà jọ ti ẹni tó mọ̀. Gbogbo ohùn ló jọ ti ẹni tó mọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ará ibo ni yín?"

"Wọn ò gbà wá láàyè láti sọ ìyẹn, mà."

Keziah béèrè ohun tó gbé e wá. Falilat ní ọmọ òun ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yìgì. Ohùn inú fóònù gbé e sí gẹ̀ẹ́sì, ó ní ọmọ mi ò sí níbẹ̀. Falilat ta gìrì. Obìnrin náà ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni Falilat. Keziah ní, ṣé ó mọ̀ sí i? Kò mọ̀ sí i. Ṣé ẹnikẹ́ni bi í? Wọn ò bi í. Keziah wá ní, àmọ́ Mà sọ níjelòó pé ó fẹnu ara rẹ̀ dáhùn, pé wọ́n gbọ́ ọ.

Falilat wo ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó rọra sọ ọ́, sínú àyà rẹ̀.

Ògbufọ̀ ní, "Ẹ má bínú mà. Mi ò gbọ́ yín. Ẹ tún un sọ, kẹ́ ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀."

Bí wọ́n bá ní kó bọ́ aṣọ ara rẹ̀ sínú yàrá yẹn, bóyá ìyẹn ì bá dẹrùn. Ó di etí tábìlì mú.

"Mo ní èmi ni mo dáhùn. Mo yí ohùn mi padà bíi ti ọmọ mi, mo ní mo gbà. Wọ́n rò pé òun ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀, àáfà ò mọ̀. Èmi ni."

Ìgbà tí ohùn náà tún máa jáde, ó ti ń gbọ̀n díẹ̀, àmọ́ kò yọ nǹkan kan níbẹ̀. Falilat gbọ́ gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yékéyéké: èmi ni mo dáhùn, mo yí ohùn mi padà. Obìnrin tí kò rí rí ń bá a jẹ́wọ́ ìwà ìtìjú rẹ̀, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì tó já gaara tí òun ò lè sọ láéláé.

Keziah béèrè ẹyọ kan sí i. Nígbà tí Mà wá síbí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé Mà mọ̀ pé irọ́ ni?

"Mo mọ̀."

Wọ́n ní wọ́n lè tún pè é, pé irọ́ pípa fún ìjọba kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó ní ó yé òun. Bó ṣe ń dìde, ohùn inú fóònù ní, "Ó dàbọ̀, mà," Falilat sì mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ibùdókọ̀ ló ti pe Muaz, kí ìgboyà tó tán. Ó sọ fún un pé kò sí yìgì, kí wọ́n má búra. Muaz wá béèrè pé, "Ṣé o mọ̀ pé ìwọ lo fi gbogbo wa ṣe ẹlẹ́rìí èké?" Ó gé fóònù. Kò pè é mọ́ lọ́dún náà.

Muaz ti sọ fún àáfà Thamesmead, ọ̀rọ̀ sì ti tàn, àmọ́ àwọn asaláátù ò lé e. Ó jókòó sí àyè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sún síwájú kí ó lè rí àáfà dáadáa. Alhájà Nusirat kí i, ó bi í nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, kò sì fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí wọ́n ń wọ bàtà, ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pé ẹni bá mọ ohùn ọmọge dá, kó wá bá wọn kọ orin wákà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Falilat náà fẹ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n má bàa mọ̀ pé ó dùn ún, ẹnu rẹ̀ ò ṣí. Nígbà tó dé ilé, ó pinnu pé òun á máa dá kírun.

Oṣù kẹwàá ni wọ́n tún ọjọ́ mú sí. Amirah fi ọjọ́ àti aago ránṣẹ́ lórí fóònù. Kò kọ pé kó wá, kò kọ pé kó má wá. Falilat kà á títí. Kò rí ẹni tó lè bi pé kí lèyí túmọ̀ sí.

Ó lọ. Ó wọ ìró aláwọ̀ búlúù tí kò ní pe ojú sí i. Natasha ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i lédè gẹ̀ẹ́sì, good afternoon, orúnkún rẹ̀ ò tẹ̀. Ó fi àga hàn án ní ìlà ẹ̀yìn. Ní ìlà iwájú, wọ́n fi àga kan sílẹ̀ lófìfo, wọ́n da ìborùn funfun kan lé e. Falilat ò béèrè. Ó mọ̀ pé ìyá àgbà Jàmáíkà ló ni ín.

Keziah ló dúró níwájú láti so wọ́n pọ̀. Ó kọ́kọ́ kí gbogbo èèyàn, ó ní ibí yìí kì í ṣe ilé ìjọsìn, kí ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà ṣe é sínú. Bísímílá ti wà lórí ahọ́n Falilat, ó gbé e mì. Amirah wọlé pẹ̀lú aṣọ àlà, ọrùn rẹ̀ gùn, ó jọ Bashiru láti ẹ̀yìn débi pé Falilat ní láti di àga tó wà níwájú rẹ̀ mú. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun máa rí i bí ẹni tó rẹwà. Ìyẹn náà tún tì í lójú.

Keziah wá ní òfin sọ pé kí òun béèrè. Bí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yìí bá mọ ìdí kan tí àwọn méjèèjì ò fi gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn, kó sọ ọ́ nísinsìnyí. Ó gbójú sókè lórí ìwé rẹ̀ bó ṣe béèrè tán. Kò fẹ́ wo ẹ̀yìn, àmọ́ ojú rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Natasha yíjú. Ọ̀rẹ́ wọn kan yíjú, ẹlòmíràn sì tẹ̀ lé e, títí gbogbo ìlà iwájú fi mọ obìnrin tó wọ búlúù.

Amirah náà yíjú. Kì í ṣe ojú tí ọmọ fi ń wo ìyá rẹ̀, ojú tí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn fi ń wo ẹni tó wọlé rí lóru ni. Ó dúró, ó ń wò ó. Falilat tẹ ètè méjèèjì pọ̀. Ó rò ó pé bóyá kí òun mi orí, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan, ó sì bẹ̀rù pé wọ́n lè rò pé ọ̀rọ̀ ni. Kò mi orí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sí itan kí wọ́n lè rí wọn. Ó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo yàrá sì ń gbọ́ bó ṣe ń dákẹ́, títí Keziah fi ṣí ìwé sí ojú ewé tó kàn, tí ọmọ rẹ̀ ò sì tíì gbójú kúrò lára rẹ̀.